Láti orí àtẹ ẹ̀pà dé inú ẹ̀dọ̀

Kò sí ẹni tó jẹ ẹ̀pà dàgbà nílẹ̀ wa tí kò mọ ẹ̀pà kíkorò. Èèyàn á bu ẹ̀pà yíyan sọ́wọ́, á fọwọ́ ra á, á fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, á wá máa jù ú sẹ́nu bó ṣe ń mu gaàrí tútù lọ. Gbogbo rẹ̀ á máa dùn, àfìgbà tí eyín bá ṣèèṣì fọ́ ọ̀kan tí ẹnu á korò bí ewúro. Ẹni tó dá wà á tu ú síta. Ẹni tó wà láàárín àlejò á fi omi gaàrí tì í sọ́fun, á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọwọ́ àwọn obìnrin ọjà ni iṣẹ́ àtiyọ irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ kúrò wà. Ẹ lọ wo ìyá tó ń ṣa ẹ̀pà ní ìsọ̀ rẹ̀. Á da ẹ̀pà bíbó sórí àtẹ, á fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ, ojú á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, ẹnu á máa bá ti ẹnu lọ. Èyí tó rún, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, èyí tó bu tí nǹkan aláwọ̀ ewé ti bò lára, gbogbo wọn ló ń bọ́ sínú abọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù lórí àtẹ á di ẹ̀pà inú ìgò. Abọ́ kékeré yẹn ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Níbo ló ń lọ? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa jẹ, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé orí ààtàn. Òmíràn ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fún òróró, tó sì ń fi ohun tó bá ṣẹ́kù din kúlíkúlí. Òmíràn ń di oúnjẹ adìyẹ. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí i, ta ni yóò tún fojú dá a mọ̀?

Ẹbí olú ni ohun aláwọ̀ ewé yẹn. Aspergillus flavus ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé, kò sì fẹ́ nǹkan ju ọ̀dá àti ooru lọ. Bí òjò bá dá nígbà tí ẹ̀pà ń gbó lọ́wọ́, á ti wọlé sí i lára kí àgbẹ̀ tó hú u. Á bá àgbàdo lórí ìdúró. Bí a bá wá kó irè náà jọ láìgbẹ dáadáa, tí a fún un mọ́ inú àpò, inú àká ni yóò ti parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lóko. Májèlé tó ń sun jáde ni wọ́n ń pè ní aflatoxin. Májèlé yìí kò láwọ̀ tí ojú wa lè rí, kò lóòórùn, kò sì ní adùn tirẹ̀. Ẹ̀pà tó korò ti bàjẹ́, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n ẹ̀pà mìíràn lè dùn lẹ́nu kí aflatoxin sì kún inú rẹ̀. Iná náà kò ká a. Bí a yan án, bí a sè é, bí a din ín, ó lè dín kù, kò ní tán. Kì í sì í ṣe ẹ̀pà àti àgbàdo nìkan, nítorí àwọn olùwádìí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti bá a lára iṣu gbígbẹ tí a fi ń lọ èlùbọ́.

Ikú tòlótòló ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1960, àwọn tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí í kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbo tẹ̀ lé agbo, títí tí òkú wọn fi lé ní 100,000. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, ni wọ́n bá kúkú sọ ọ́ ní àrùn X. Wọ́n la ikùn wọn, ẹ̀dọ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n wá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí dé inú oúnjẹ wọn, wọ́n bá a nínú ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wá láti Bràsíl. Lónìí, IARC, ìyẹn àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn.

Èyí tó bá pọ̀ nínú oúnjẹ lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà rí i lọ́dún 2004, nígbà tí àgbàdo bíbu dá ènìyàn 317 dùbúlẹ̀, tí 125 nínú wọn sì kú. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó kan èmi àti ìwọ ni díẹ̀díẹ̀ tí a ń jẹ láti kékeré, lónìí nínú ẹ̀kọ, lọ́la nínú kúlíkúlí, tí ara kò fi hàn, tí ikùn kò sì run. Ibo ló ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà yẹn?

Bó bá ti gba ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á lálejò. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti pa àwọn nǹkan àjèjì dà kí wọ́n lè bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde, ó sì ní àwọn ẹ́ńsáìmù tó fi ń ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Pípa tí wọ́n ń pa aflatoxin B1 dà, tó jẹ́ èyí tó burú jù nínú ẹbí rẹ̀, ló ń sọ ọ́ di oníjà. Á máa wá ohun tí yóò dì mọ́. Ẹ̀dọ̀ ní ẹ́ńsáìmù mìíràn tó lè rọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ti dì mọ́ DNA.

Inú DNA ni ohun tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ̀ wà: ohun tí yóò ṣe, ìgbà tí yóò ṣe é, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Èròjà mẹ́rin ló tò tẹ̀ léra nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi lẹ́tà A, C, G àti T dúró fún. Abala kan nínú rẹ̀ tó ní ìtọ́ni bí a ṣe ń ṣe purotéènì kan ni jíìnì. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì máa ń kà, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì ń sọ irú ámínò ásíìdì tí yóò so mọ́ èyí tó ti wà nílẹ̀, títí purotéènì yóò fi gùn tó bó ṣe yẹ. Nínú lẹ́tà mẹ́rin yìí, G ni aflatoxin fẹ́ràn. G tó bá gbé ẹrù aflatoxin kò jọ ara rẹ̀ mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ da DNA rẹ̀ kọ kó lè pín sí méjì, á ṣì í kà, kò sì ní pẹ́ tí T yóò fi wà níbi tí G wà tẹ́lẹ̀.

Ara ní àwọn tó ń tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n sì mọ iṣẹ́. Èyí tí wọn kò bá rí, ó lè bọ́ síbi tí kò ti lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni ènìyàn fi ń jẹun, sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀ kò sì lóǹkà. Ibì kan wà tí irú àṣìṣe yìí bá ti bọ́ sí, ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ.

TP53 ni orúkọ jíìnì náà. Orí kúrómósómù kẹtàdínlógún ló wà, purotéènì tó ń ṣe ni p53. (Àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ló rò pé ó wọn 53,000 dalton. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa, kò tó 44,000. Ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára.) Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ rántí ìyá alásè níbi ìnáwó ńlá. Kì í ṣe òun ló ń ro ọbẹ̀, kì í ṣe òun ló ń bu ìrẹsì. Orí àpótí ló jókòó sí, ojú rẹ̀ sì wà lára gbogbo ìkòkò. Bí wọ́n bá ní ìkòkò kan ń ṣe ségesège, á ní kí ẹnikẹ́ni má bù níbẹ̀ ná. Bó bá ṣeé tún ṣe, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì máa bù ú lọ. Bó bá ti kan, á ní kí wọ́n gbé e lọ dà nù, ìbáà jẹ́ odindi àpò ìrẹsì kan ló wà nínú rẹ̀, nítorí ó sàn kí ìkòkò kan ṣòfò ju kí gbogbo àlejò máa yàgbẹ́ gbuuru dé ilé wọn.

Iṣẹ́ p53 nìyẹn. Ní ọjọ́ tí kò sí wàhálà, kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ MDM2 ń fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń wó o. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú péré ni ìdajì èyí tó bá wà nílẹ̀ fi ń pòórá. Bí DNA bá gé tàbí tí nǹkan kan bà á jẹ́, ọwọ́ MDM2 á yọ lára rẹ̀, p53 á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Á so pọ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, á di ibi pàtó mú lára DNA, á sì máa jí àwọn jíìnì mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jí, p21, ni yóò ní kí sẹ́ẹ̀lì má pín mọ́ títí àtúnṣe yóò fi parí. Bí àtúnṣe kò bá ṣeé ṣe, á jí àwọn bíi BAX àti PUMA, àwọn ni yóò sì ní kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa, a kò sì mọ̀. Nínú nǹkan bí ìdajì gbogbo jẹjẹrẹ tó ń bá ọmọ ènìyàn jà, jíìnì yìí ti bàjẹ́. Àwa ń gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Erin ń gba nǹkan bí 20 lọ́dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan, àwọn tó sì ṣe ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 2015 gbà pé ó wà lára ohun tí jẹjẹrẹ kò fi bẹ́ẹ̀ rí erin pa, pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó.

Ó yà mí lẹ́nu pé ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi pe p53 yìí lọ́daràn. Lọ́dún 1979 ni ilé ìwádìí bíi mélòó kan bá a pàdé. David Lane àti Lionel Crawford wà lára wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, Arnold Levine náà sì wà lára wọn ní Princeton lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibi tó ti lẹ̀ mọ́ purotéènì fáírọ́ọ̀sì kan tó ń fa jẹjẹrẹ fún ẹranko ni wọ́n ti rí i. Wọ́n tún ń rí i lọ́pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí jẹjẹrẹ ti wọ̀. Wọ́n wá gbà pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ, ẹni tí wọ́n bá níbi òkú ni wọ́n mú. Ọdún 1989 ni ikọ̀ Bert Vogelstein ní Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore, yẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá wò, tí wọ́n sì rí i pé jíìnì yìí ti sọnù tàbí kó ti bàjẹ́ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ń lò kiri nínú ilé ìwádìí láti ọjọ́ yìí, èyí tó ti bàjẹ́ ni. Ojúlówó rẹ̀ ń dènà jẹjẹrẹ ni. Lọ́dún 1992, Lane fúnra rẹ̀ pè é ní olùṣọ́ DNA wa.

Àárín àkókò yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀pà àti ọ̀rọ̀ jíìnì pàdé. Lọ́dún 1991, ìwádìí méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìwé ìròyìn Nature. Ọ̀kan wá láti Qidong, lẹ́bàá ibi tí odò Yangtze ti wọ òkun ní Ṣáínà, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń jẹ àgbàdo tí aflatoxin pọ̀ nínú rẹ̀. Èkejì wá láti gúúsù Áfíríkà. Ní Qidong, àwọn olùwádìí yẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ènìyàn 16 wò. Mẹ́jọ nínú wọn ní àbùkù níbì kan náà lára TP53. Ámínò ásíìdì 393 ló so pọ̀ di p53. Jàǹbá lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi láàárín wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 249 ló ṣẹlẹ̀ sí lára gbogbo àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí AGG wà, AGT ni wọ́n bá lára méje nínú wọn, AGC lára ọ̀kan yòókù. Lára àwọn méje yẹn, G ìkẹyìn ti di T, irú àṣìṣe tí aflatoxin ń fà gan-an. Ibi 249 yìí náà ló tún yọ jù nínú ti gúúsù Áfíríkà. Bí wọ́n bá sì yẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà wò, níbi tí aflatoxin kò ti pọ̀ nínú oúnjẹ, agbára káká ni wọ́n fi ń rí i.

Lẹ́tà kan péré, kí ló lè bà jẹ́? AGG máa ń pe ámínò ásíìdì kan tó ń jẹ́ arginine. AGT ń pe serine. Arginine gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ní iná mànàmáná tó fi ń di àwọn aládùúgbò rẹ̀ mú. Lọ́dún 1994, ikọ̀ Nikola Pavletich ní New York ya àwòrán p53 níbi tó ti di DNA mú, wọ́n sì fi han ayé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jókòó. Nọ́ńbà 249 kò fi ara kan DNA rárá. Òun ló gbé apá tó ń di DNA mú ró. Bí serine kékeré bá gba ipò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó, apá yẹn á rọ, p53 kò sì ní lè di DNA mú dáadáa mọ́. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Kódà bí jíìnì tó wá láti ọ̀dọ̀ òbí kejì bá ṣì dá ṣáṣá, àwọn p53 tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde á máa so pọ̀ mọ́ èyí tó yarọ, iṣẹ́ wọn á sì mẹ́hẹ.

Ibí yìí ló yẹ kéèyàn ti rọra sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Aflatoxin kì í mú G ti 249 nìkan. Bí wọ́n bá dà á lé DNA lórí nínú yàrá ìwádìí, ọ̀pọ̀ G mìíràn ló ń dì mọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ 249 ni a ń rí nínú jẹjẹrẹ? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí ibẹ̀ yẹn ti yí padà ń rí àǹfààní kan tí àwọn tó bàjẹ́ níbòmíràn kì í rí, ó sì ń borí wọn. Àǹfààní wo? Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Tulane, ní New Orleans, kọ̀wé pé serine tó gba ipò yẹn jẹ́ irú ámínò ásíìdì tí ẹ́ńsáìmù kan, CDK4, lè lẹ fọ́síféètì mọ́, èyí tí kò lè ṣe fún arginine. Bó bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, p53 tó yarọ yìí á lọ gbè lẹ́yìn c-Myc, purotéènì tó ń ti sẹ́ẹ̀lì pé kó máa dàgbà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí wọ́n ṣe wí, a jẹ́ pé p53 náà ti bọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀tá, ó ju pé kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lọ. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wọni létí, ṣùgbọ́n yàrá ìwádìí yàtọ̀ sí inú ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń ṣàìsàn.

Ohun mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń mú nílẹ̀ Áfíríkà àti Ṣáínà ló ní fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú oríṣi B lára tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1992, ìwé ìròyìn Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin tó lé ní 18,000 ní Shanghai. Wọ́n gba ìtọ̀ wọn àti ẹ̀jẹ̀ wọn pa mọ́, wọ́n sì ń dúró wo ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa mú. Ẹni tí aflatoxin wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ wà nínú ewu ju ẹni tí kò sí nínú tirẹ̀ lọ. Ewu ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B ju tiẹ̀ lọ. Ẹni tí àwọn méjèèjì pàdé lára rẹ̀, nǹkan bí ìlọ́po 60 ni ewu tirẹ̀ fi ju ti ẹni tí kò ní ọ̀kankan lọ. Ó yé ni ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ jẹ́ láìdẹwọ́, ẹ̀dọ̀ á máa bí òmíràn dípò, sẹ́ẹ̀lì tó sì ń kánjú pín kì í ní àkókò láti tún àṣìṣe ṣe.

Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá kú, DNA inú rẹ̀ máa ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni àwọn olùwádìí kan tẹ̀ lé ní Gámbíà. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2000 fi hàn pé wọ́n bá àbùkù 249 nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn alárùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì bá a lára àwọn díẹ̀ tí kò ní jẹjẹrẹ rárá. Ẹ rò ó wò ná: a lè fa ẹ̀jẹ̀ ní apá ènìyàn, kí a sì rí ipasẹ̀ oúnjẹ tó jẹ láti ọdún pípẹ́ nínú lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí láàárín wa. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń mú ni kò tíì pé 50 ọdún. Ọkùnrin tó ń sáré jẹun lánàá, ikùn rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á gbẹ, ẹyin ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti pẹ́. Ẹbí á wá fìdí kalẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ. Wọ́n á ṣírò gbogbo ibi tó ti jẹun. Àbúrò bàbá tó gbé ọbẹ̀ fún un níjọ́sí, ìyàwó kejì, ọ̀rẹ́ tó pè é sí àríyá, wọ́n á máa fojú burúkú wo ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti rí ilé tó tú lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ ìyá méjì kò kí ara wọn mọ́. Ohun tó sì ń dùn mí níbẹ̀ ni pé wọn kò purọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kí májèlé ti wà nínú oúnjẹ náà lóòótọ́, fún ọdún púpọ̀, nínú ìkòkò tí gbogbo wọn jọ ń bù jẹ. Kò sí ẹni tó fi í síbẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé oúnjẹ ló ti wá, a lè dí i lọ́nà. Qidong tún fi èyí hàn. Láti àwọn ọdún 1980 síwájú, ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọrùn rà níbẹ̀, àwọn ará ìlú fi àgbàdo sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, aflatoxin inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dín kù gidigidi, kódà láàárín àwọn àgbàlagbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú kò bá nígbà èwe. Abẹ́rẹ́ náà sì ṣe tirẹ̀. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọ tuntun lọ́dún 1984, nígbà tó sì di ọdún 1997, ìròyìn jáde pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọdé ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi í sínú ètò àjẹsára tirẹ̀.

Ti oko, Ìbàdàn ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n tó dára jù. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, wá inú ilẹ̀ Nàìjíríà kiri títí wọ́n fi rí Aspergillus flavus tí kò lè ṣe aflatoxin. Wọ́n mú oríṣi mẹ́rin nínú wọn, wọ́n fi wọ́n bo ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kó má lè hù mọ́, wọ́n sì pè é ní Aflasafe. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó tanná, àgbẹ̀ á fọ́n kílógírámù mẹ́wàá rẹ̀ sórí hẹ́kítà kan. Èyí tí kò ní májèlé á gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó ní májèlé lọ́wọ́. Aflatoxin inú irè náà sábà máa ń fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù. NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i lọ́dún 2014.

Ó dára, àmọ́ ta ló ń san owó rẹ̀ fún àgbẹ̀? Ẹ̀pà mímọ́ àti ẹ̀pà onímájèlé, iye kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n nínú ọjà wa, nítorí kò sẹ́ni tó ń yẹ èyí tí mẹ̀kúnnù ń rà wò. Yúróòpù ń yẹ tirẹ̀ wò. Ẹ̀pà tí wọ́n fẹ́ jẹ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju máíkírógírámù mẹ́rin aflatoxin lọ nínú kílógírámù kan. Bí wọ́n bá dá ẹrù padà, ó yẹ kí a béèrè ilé tó wọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìjọba kò bá gbé ohun èlò ìyẹ̀wò wọ ọjà, tí iye ẹ̀pà tó mọ́ kò sì fi náírà kan ju ti èyí tó bu lọ, èmi kò ní bá àgbẹ̀ jà pé kò ra Aflasafe.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa nínú ilé kò náni lówó púpọ̀. Ẹ sá irè gbẹ dáadáa lórí tapólì, kí ẹ má sá a sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ̀pà tó bá bu, tó rún, tó yí àwọ̀ padà tàbí tó korò, ẹ tu ú síta, kódà níwájú àlejò. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ẹ̀pà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa da abọ́ kékeré yẹn sínú iná, ẹ má tà á fún oníkúlíkúlí, ẹ má sì dà á fún adìyẹ. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ bóyá ẹ ní mẹ́dọ̀wú B, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Aláboyún tó bá ń ka èyí, kí o rí i pé wọ́n gún ọmọ rẹ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 tí o bá bí i, kí o sì gbé e padà lọ gba èyí tó kù ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá.